Kọ̀ǹpútà Wa Kò Nílò Omi, Eruku Ni Ká Gbọ̀n Kúrò

 

Ọ̀rọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bọ̀dá wa ní SS3 jókòó ṣe ìdánrawò JAMB. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni àkókò rẹ̀. Ó ti dé ìbéèrè 112 nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú lójijì. Iná kò lọ o. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, fáànù òkè ń yí. Ó tún un tàn, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó tún kú. Bọ̀dá náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Nínú kọ̀ǹpútà méjìlá tí a ní, mẹ́rin péré ló ń ṣe dáadáa báyìí. Ohun tí mo tẹ̀ fún ìwé ìròyìn yìí ní sáà tó kọjá náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá ibẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí a tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

A gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fẹ́ fún wa lówó díẹ̀ láti tún yàrá náà ṣe. Látìgbà náà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń pariwo pé liquid cooling ni kí ilé ẹ̀kọ́ rà. Wọ́n ti rí i lórí YouTube: iná aláràbarà, rọ́bà dúdú méjì, omi ń lọ, omi ń bọ̀. Èmi náà ti wò ó, ká má parọ́, ó wù mí. Síbẹ̀ mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́ ná. Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀gẹ́ lọ sí ilé ẹ̀rọ rí á ti rí ẹ́ńjìnnì oní-dísù tí wọ́n gbé àgbá omi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rọ́bà kan ń gbé omi tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì, èkejì ń gbé omi gbígbóná padà sínú àgbá. Ti kọ̀ǹpútà ò yàtọ̀, wọ́n kàn sọ ọ́ di kékeré ni. Irin pẹlẹbẹ kan jókòó lórí processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Pọ́ǹpù kékeré ń ti omi kọjá nínú irin náà (wọ́n po oògùn mọ́ omi ọ̀hún kó má baà mú irin dípẹtà), omi á gba ooru, á gbé e lọ sí rédíétọ̀, fáànù á wá fẹ́ ooru náà dànù. Rédíétọ̀ yẹn lè gùn tó 240 tàbí 360 mìlímítà. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti dí gbogbo rẹ̀ pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní all-in-one.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣì í gbọ́ rèé: omi náà kì í ṣe omi fíríìjì. Kò lè tutù ju atẹ́gùn inú yàrá lọ láéláé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ooru láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Bí yàrá fúnra rẹ̀ bá gbóná bí ààrò, ibo ló fẹ́ gbé e lọ?

Àwọn tó ṣe é kò ṣàṣìṣe o. Processor bíi Core i9-14900K ti Intel lè fa iná tó 253 wáàtì tó bá ń sáré, gbogbo rẹ̀ ló sì máa di ooru. Irú èyí nílò omi. Lọ́dún 1985, kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń jẹ́ Cray-2 jáde ní Amẹ́ríkà, gbogbo ara rẹ̀ ni wọ́n rì sínú ohun olómi kan tí iná kì í gbà kọjá. Tiwa wá ńkọ́? Tòkunbọ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n. Mo wo ara ọ̀kan, Core i5-6500 ló wà níbẹ̀, 65 wáàtì. Ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju gílóòbù àtijọ́ oní-60 lọ. Ẹ fẹ́ fi àgbá omi ẹ́ńjìnnì tu gílóòbù lára?

Kí ló wá ń pa wọ́n? Mo mọ̀ ọ́n, torí mo ti fojú mi rí i. Nígbà ọlidé Kérésì, bọ̀dá mi tó ní business centre ní Ìkọ̀lé, nítòsí ọgbà FUOYE tó wà níbẹ̀, ní kí n wá ran òun lọ́wọ́. Ẹ mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe lápá ọ̀dọ̀ wa (ọyẹ́ ni mo wí o, kì í ṣe ìlú Ọ̀yẹ́): tó o bá nu tábìlì láàárọ̀, ní ọ̀sán wàá fi ìka kọ orúkọ rẹ sí i. Kọ̀ǹpútà kan ń kú níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Nígbà tí bọ̀dá mi tú u, eruku ti dì sáàárín irin tó wà lábẹ́ fáànù bí òwú inú tìmùtìmù. Atẹ́gùn ò ráyè kọjá rárá. Paste tó yẹ kó wà láàárín processor àti irin náà ti gbẹ, ó ti sán bí ètè ẹni tí kò fi ìpara pa á nínú ọyẹ́. Ó fẹ́ eruku náà dànù, ó fi spirit nu paste àtijọ́, ó kán tuntun sí i, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Kó tó tú u, ooru rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 100 dígírì, níbi tí ọ̀pọ̀ processor Intel ti máa ń dín iṣẹ́ kù kí wọ́n má baà jóná. Lẹ́yìn rẹ̀, kò kọjá ọgọ́ta àti díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà ò gba wákàtí kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní eruku ò lè wọ inú omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rédíétọ̀ náà ní ihò wẹ́wẹ́, eruku kan náà ló máa dí i. Tí fáànù lásán bá kú, irin abẹ́ rẹ̀ á ṣì máa fa ooru díẹ̀díẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá kú, omi á dúró sójú kan, ó parí nìyẹn. Omi ọ̀hún pàápàá máa ń gba ara rọ́bà jáde díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì láyè tí èèyàn lè gbà bù kún un. Tó bá wá jò sórí motherboard ńkọ́? Apple fi omi sínú Power Mac G5 lọ́dún 2004, àwọn kan nínú wọn jò, wọ́n sì ba ẹ̀rọ jẹ́. Apple nìyẹn o. Lékè gbogbo rẹ̀, ikùn àwọn kọ̀ǹpútà wa tín-ín-rín, kò sí ibi tí rédíétọ̀ á jókòó sí.

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tó kàn yín. Aṣọ tí ẹ ní ká máa fi bo kọ̀ǹpútà dára, tó bá wà ní pípa. Ṣùgbọ́n a máa ń ká ti iwájú nìkan sókè, ti ẹ̀yìn á ṣì wà níbẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ooru ń gbà jáde. A tún tì wọ́n mọ́ ògiri gbagbagba. Fèrèsé kì í ṣí nítorí olè. Ó yé mi, olè wà lóòótọ́. Àmọ́ a lè ṣí wọn nígbà tí èèyàn bá wà nínú yàrá, ká ta nẹ́ẹ̀tì sí wọn, ká sì fa tábìlì kúrò lára ògiri díẹ̀.

Bọ̀dá mi ṣírò rẹ̀ fún mi: owó tí a máa fi ra omi fún kọ̀ǹpútà kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ra paste fún méjìlá, kó tún ra fáànù fún àwọn tí tiwọn ti kú. Ó ti gbà láti yá wa ní blower rẹ̀ ní Sátidé. Tí wọ́n bá fún wa láyè, mo nílò èèyàn mẹ́ta tí kò ní máa sá fún eruku, kí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré dání, tí kò tíì kan ọ̀dà. A máa yọ wáyà iná kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a sì máa fi bírò di fáànù mú kó má baà yí tí a bá ń fẹ́ ẹ.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ omi, kó kọ tirẹ̀ wá kó tó di Ọjọ́rú. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.