Ọwọ́ Ńlá, Ìbọn Kékeré

Ọmọ ọdẹ ni mí, láti Ganmọ, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìlọrin lọ sí Àjàsẹ́-Ìpo. Bàbá wa kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ tinú tẹ̀yìn ìbọn ṣakabùlà jù ú lọ ní agboolé wa. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi débi pé bí ó bá di ife tíì mú, a kì í rí ife náà mọ́. Nígbà tí ó fẹ́ ní ìbọn tirẹ̀, kò gba èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ, ó na ọwọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì gbẹ́ igi ìdí ìbọn náà títí ó fi bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó jogún ọwọ́ náà. Kò jogún ìbọn náà. N óò sọ ìdí rẹ̀ tí ó bá yá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mo lọ kí i. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe, wọ́n sì ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wà nínú ọkọ̀ náà. Ó ní kí n bá òun lọ yan ìbọn ìléwọ́ tí òun yóò máa gbé sára lábẹ́ aṣọ, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ayé òun. Ó ti fi ọkàn sí ọ̀kan lórí fóònù: èyí tí ó kéré jù lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò fẹ́ kí n sọ pé kí ó má rà á rárá. Mo rò ó, n kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà ni, òfin ibẹ̀ gbà á láyè, ẹ̀rù tí ó sì ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù àsọdùn. Ohun tí mo bi í léèrè kí á tó jáde nílé ni èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà bi ara yín: irú ìwé wo ni o fi ń gbé ìlú yìí?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ èyí. Láti ọdún 1998, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà jẹ́ ti òṣìṣẹ́, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀, bí ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe tí ìpínlẹ̀ kan fún un. Ẹni tí ó ní green card lè rà á. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò gbé fọ́ọ̀mù kan tí ń jẹ́ 4473 síwájú rẹ, wọn yóò sì wádìí orúkọ rẹ kí wọ́n tó ta ohunkóhun fún ọ. Irọ́ kan lórí fọ́ọ̀mù yẹn lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n sì tún dá a padà sílé lẹ́yìn náà. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti ń wo àwòrán ìbọn lórí fóònù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó sọ èyí fún un. Àbúrò mi ní green card, ó sì ti kọjá ọdún 21. Ní Texas, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí òfin kò bá ka ìbọn níní léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ sára láìgba ìwé àṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹjọ́ àti ibi ìdìbò wà lára ibi tí kò gbọdọ̀ gbé e wọ̀. Mo ṣì gbà á níyànjú kí ó lọ gba ìwé àṣẹ náà, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, àti nítorí pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn máa ń béèrè fún un.

Kí á wá sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Ibi kan wà tí wọ́n ti máa ń yá ènìyàn ní onírúurú ìbọn láti dán wò kí ó tó rà. Ibẹ̀ ni a kọ́kọ́ lọ. Èyí tí àbúrò mi ti fi ọkàn sí ni SIG P365, ìbọn pẹlẹbẹ kékeré kan tí ó jáde ní 2018, tí ilé ọta rẹ̀ ń gba ọta 10. Ìbọn tí ó dára ni, n kò bá a jà. Èmi náà dì í mú, ó sì bá ọwọ́ mi mu bí ẹni pé èmi ni wọ́n wọ̀n nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àbúrò mi, ìka méjì péré ni ó rí ibi dúró sí lórí èèkù rẹ̀. Ọmọdinrin ń fì lófuurufú bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó jókòó sórí àga gíga. Ó yìn ín. Ọta àkọ́kọ́ bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn náà ti yí lọ́wọ́ rẹ̀; ó ní láti tún un dì mú kí ó tó yin ìkejì, ó sì tún un dì mú kí ó tó yin ìkẹta. Bí ìwé lásán ni ènìyàn ń yìnbọn sí, àtúndì yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ní agogo méjì òru, inú àtúndì yẹn ni ọta ti lè lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àṣìṣe tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi sábà máa ń ṣe nìyẹn: yóò ra ìbọn tí ó rọrùn láti fi pamọ́ dípò èyí tí ó ṣeé dì mú. Ọta 9mm kan náà ni àwọn ìbọn wọ̀nyí ń lò, ìbọn tí ó fúyẹ́ sì máa ń ta ènìyàn padà ju èyí tí ó wúwo lọ. Kò sí bí kékeré ṣe lè rọni lọ́rùn tí ọwọ́ kò bá rí i dì mú dáadáa.

Olùkọ́ ìyìnbọn tí ó dúró tì wá tú ìbọn náà, ó fi hàn wá pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó sì ní kí àwa náà wò ó fúnra wa. Ẹ má ṣe gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìṣe bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá fi ọwọ́ àbúrò mi kọ́ wa. Ó ní kí ó ti àtẹ́lẹwọ́ sókè títí àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yóò fi kan abẹ́ ìrù ìbọn náà. Bí ìrù yẹn bá kúrú, ẹran ọwọ́ ńlá yóò yọ sókè kọjá rẹ̀, irin orí ìbọn tí ó ń sáré lọ sẹ́yìn nígbà tí ìbọn bá dún yóò sì bù ú jẹ. Walther PPK, èyí tí James Bond ń gbé kiri nínú sinimá, gbajúmọ̀ fún ìwà yẹn. Ọ̀rọ̀ ìka tí ń fa ìbọn tún wà níbẹ̀. Orí ìka ni ó yẹ kí ó kan irin tí a ń fà; bí ìka bá gùn tí èèkù sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìka yóò wọlé kọjá oríkèé àkọ́kọ́, yóò sì máa fa ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Títí ènìyàn yóò fi pinnu láti yìn ín, ìta ni ìka yẹn gbọ́dọ̀ wà, kí ó nà gbọọrọ lára ìbọn.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni ti àtàǹpàkò. Ó yẹ kí irin orí ìbọn dúró sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ọta bá tán, kí ẹni tí ó mú un lè mọ̀. Lọ́wọ́ àbúrò mi, kò dúró. Ó rò pé ìbọn náà ti bàjẹ́. Àṣé àtàǹpàkò rẹ̀ gígùn ni ó tẹ irin kékeré tí ó yẹ kí ó dá a dúró mọ́lẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré lè yìnbọn fún ọdún mẹ́wàá kí ó má mọ̀ pé irin yẹn wà.

A dán Glock 19 wò, tí ó ti wà láti 1988, tí ó ń gba ọta 15. Ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí ibi dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ní àlòkù, ẹ ṣọ́ra: àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2017 ní kòtò ìka níwájú èèkù, ìka ńlá kì í sì í bọ́ sínú kòtò náà, orí òkè ni ó máa ń gùn. A dán P365 X-Macro ti 2022 wò. Èèkù rẹ̀ gùn tó, ọta 17 ni ó ń gbà, ó sì pẹlẹbẹ. Èyí ni èmi ì bá yàn fún un. Kò gbà. Ó ní títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gún òun ní àtẹ́lẹwọ́ bí ẹ̀yìn àdá. M&P 9 M2.0 Compact ti ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ni ó fi parí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn èèkù mẹ́rin tí ó ṣeé pààrọ̀ ni ó máa ń bá a wá, láti kékeré dé ńlá. Ó fi èyí tí ó tóbi jù lọ sí i, ó dì í mú, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo rántí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. Ẹ̀yìn èèkù oníke ni ó rọ́pò igi tí wọ́n gbẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Òótọ́ ni pé gígùn èèkù ni ó máa ń yọ gọnbu lábẹ́ aṣọ, kì í ṣe gígùn ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí ó bá yan èèkù gígùn nítorí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi aṣọ san gbèsè rẹ̀: bẹ́líìtì líle, akọ̀ líle tí ó bo irin ìfà pátápátá, ẹ̀wù tí ó gùn díẹ̀ tí kò fún mọ́ra. Bí agbádá bá jẹ́ aṣọ ojoojúmọ́ ní Houston, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, àfi pé ṣòkòtò olókùn kò lè gbé akọ̀ ìbọn ró. Owó tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo fi ipá mú un ná sórí àpótí irin onítìpa. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọdún mẹ́rin, ó sì ń gun gbogbo ohun tí ó bá ga. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fi ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ sí ibi tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 17 ti lè rí i mú. Ìyàwó rẹ̀ kò tí ì fi gbogbo ara gbà á, n kò sì bá a wí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí fóònù dún láti ilé.

Ọmọ àbúrò bàbá wa ni. Òun náà ní ọwọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àwọn agbébọn ti ya wọ ìjọ Christ Apostolic Church ní Èrúkù níhìn-ín ní Kwara. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Àwọn 38 tí wọ́n kó lọ gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò gba ìtúsílẹ̀. Oko rẹ̀ jìnnà sí ìlú. “Àǹtí,” ni ó wí, “mo gbọ́ pé ẹ wà ní ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ bá mi fi ọ̀kan sínú ọkọ̀ tí bọ̀dá fẹ́ kó wálé. Ta ni yóò rí i?”

Mo ní rárá. Mo sọ fún un pé Òfin Ìbọn ti 1959 ṣì wà, pé ó ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè, pé ó kéré tán ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni ó so mọ́ ọn. Mo sọ fún un pé Amẹ́ríkà pàápàá kò ní kí á máa kó o jáde láìgba àṣẹ. Ìbọn ọdẹ olójú gígùn, ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni. Ṣakabùlà gan-an, ìwé àṣẹ ni. Nígbà tí bàbá wa kú, ìwé tirẹ̀ ni wọ́n mú pẹ̀lú ìbọn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí kò sí ẹni tí ó ní ìwé nínú wa. Bí kò ṣe dé ọwọ́ àbúrò mi nìyẹn.

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Àǹtí, àwọn tí ó wọ Èrúkù, ṣé wọ́n gba ìwé?”

N kò ní èsì sí ìyẹn, n kò sì tí ì rí i títí di òní. Mo ṣì sọ pé rárá. Mo ti padà sí Ganmọ báyìí, ilé wa kò sì jìnnà síra, ṣùgbọ́n kò tí ì wá kí mi. Ìyá rẹ̀ ní ó ń lọ sí oko pẹ̀lú àwọn mẹ́rin mìíràn, wọ́n a sì ti padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.