Ojú ajá ń fọ́ láàárín ìgboro: àìsí spẹ́ṣálíìsì nìkan kọ́ ló fà á

Tẹ́ ẹ bá gbé ajá tójú ń dùn dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko l'Ékòó tàbí n'Ìbàdàn, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Kí lẹ ti kán sí i?" Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá. Nínú gbogbo àwọn tó ń sin ajá tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ìtàn wọn fẹ́ẹ̀ jọra: ojú pọ́n lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ra oògùn ojú èèyàn ní kẹ́mísì, wọ́n kán an fún ọjọ́ mẹ́rin, ojú wá funfun. Kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ̀ nípa ojú ẹranko, ọ̀rọ̀ ti di ká yọ ẹyinjú.

Àwọn èèyàn á ní àìsí spẹ́ṣálíìsì ló fà á. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Lójú tèmi, kí ọ̀rọ̀ tó kan spẹ́ṣálíìsì rárá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú yìí ti ń bàjẹ́, àyẹ̀wò tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sì lè gbà wọ́n là.

Ẹ wo irú ajá tó gbòde báyìí: Lhasa, Pekingese, Shih Tzu, Pug. Imú wọn kúrú, ojú wọn yọ síta. Eruku, irun ara wọn, èékánná ológbò, gbogbo rẹ̀ ló lè ha ojú náà. Bí wọ́n bá jà, tàbí bí ẹnì kan bá fi ipá gbá awọ ọrùn wọn mú, ẹyinjú lè yọ jáde pátápátá.

Ti Boerboel yàtọ̀. Ẹran pupa kan lè wú jáde ní igun ojú wọn lápá ibi imú, òun ni òyìnbó ń pè ní cherry eye. Ẹran yẹn kì í ṣe kókó lásán. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta omijé ojú náà, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tí wọ́n bá gé e sọnù, owó iṣẹ́ á kéré, ojú á sì kọ́kọ́ dà bí èyí tó ti sàn. Àmọ́ tó bá yá, ojú lè gbẹ, ipin tó ki á máa bò ó, ìríran á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Cyclosporine tí wọ́n á wá máa kán sí i, ojoojúmọ́ ni, títí ajá á fi kú. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n rán an padà sáyè rẹ̀. Ọkùnrin kan tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ṣómólú ti gé ti ajá rẹ̀ lójú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà míì wà.

Ní ti oògùn kẹ́mísì, èyí tó ní dexamethasone nínú ló léwu jù. Ó máa ń jẹ́ kí ojú pípọ́n lọ kíá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí egbò bá wà lára awọ gaara tó bo iwájú ẹyinjú, kò ní jẹ́ kó jinná, kòkòrò àrùn á sì ráyè. Egbò tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lè lu láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ẹ ò lè fojú lásán mọ̀ bóyá egbò wà. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ní aró fluorescein lára. Wọ́n á fi kan ojú, wọ́n á fomi ṣàn án, wọ́n á tan iná búlúù sí i, ibi tó ní egbò á sì tàn yòò bí ewé tútù. Bébà kejì wà tí wọ́n ń fi há abẹ́ ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú kan láti wọn omijé: tó bá rin tó mìlímítà 15, ó dáa, tí kò bá tó 10, ojú ti ń gbẹ. Kò sí èyí tó nílò yàrá iṣẹ́ abẹ nínú wọn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ẹranko tí mo dé ni kò ní wọn nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti spẹ́ṣálíìsì. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti di dókítà ẹranko ṣì máa lo ọdún kan sí i, kó tó tún lo ọdún mẹ́ta lórí ojú nìkan. Lọ́dọ̀ wa, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB l'Abẹ́òkúta ni wọ́n sábà máa ń darí èèyàn lọ. Ẹni tó ń gbé l'Ajah, tójú ajá rẹ̀ yọ lóru, ẹ ro ọ̀nà yẹn wò. Japa tún dé: ní 2019, Britain fi dókítà ẹranko sára iṣẹ́ tí wọn ò rí èèyàn tó láti ṣe. Oògùn tó ń wọlé látòkèèrè náà ń gbówó lórí, torí dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí Okudù 2023 tó dé ti kọjá 1,500 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Kẹ́ ẹ má rò pé òkè òkun dùn tán o. Ní Britain, àwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ni nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ilé ìwòsàn ẹranko ní 2013 ti ní nǹkan bí ìdá 60 báyìí. Ní May 2024, àjọ tó ń mójú tó ìdíje ọjà, CMA, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá lórí iye tí wọ́n ń gbà. Spẹ́ṣálíìsì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò ní ìbánigbófò lè má rówó rẹ̀ san.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìsàlẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Veterinary Council of Nigeria lè sọ pé kí ilé ìwòsàn kankan má ṣíṣẹ́ láìní bébà méjèèjì yẹn. Àwọn dókítà tó wà ládùúgbò kan náà lè dáwó ra ẹ̀rọ kan tó ń wọn ìfúnpá inú ojú. Àwọn tó ń ta ọmọ ajá lórí Instagram náà yẹ kó sọ ìṣòro ojú irú ajá tí wọ́n ń tà kí wọ́n tó gbowó.

Ní tiyín, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Tójú bá yọ jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rin bò ó, ẹ má tì í padà fúnra yín, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Tó bá pọ́n tàbí tí ajá ń dijú, ẹ má kán oògùn kankan sí i. Kí dókítà tó kọ oògùn, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti fi aró wò ó. Tó bá ní òun ò ní aró, ẹ wá ẹlòmíì lọ́jọ́ náà gan-an.