Ta Ló Ni Ilé-ẹ̀kọ́ Fadá Slattery?

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn ní Nàìjíríà: ta ló ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ Kristi dá sílẹ̀? Ní ọdún 1970, bí ogun abẹ́lé ti parí, ni ìjọba Ukpabi Asika ní ìlà-oòrùn ṣe òfin tó gba ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Kí ọdún 1980 tó dé, púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, títí kan Èkó, ti tọ ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 2001, Gómìnà Bola Tinubu dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó gbà padà fún àwọn tó ni wọ́n. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Inú tiwa náà dùn, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dàbí ẹni ń sọ̀kò sójà, ẹ jẹ́ kí a mú ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yẹ̀ wò, èyí nì ni St. Finbarr's College ní Àkókà.

Denis Slattery ni orúkọ àlùfáà tó dá a sílẹ̀. Ìlú Fermoy ní ẹkùn Cork ní ilẹ̀ Ireland ni a ti bí i ní ọdún 1916, ọdún 1941 ni ó sì dé Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA ni, ẹgbẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1868. (Kí wọ́n tó dé rárá ni àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà bọ̀ ti ń péjọ gbàdúrà, ìdí nìyí tí a fi ń pe ìjọ náà ní Ìjọ Àgùdà.) Ọmọ ọdún mẹ́fà péré ni Slattery nígbà tí púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọ ní ohun tí àjàgà ń jẹ́. Nígbà tó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald ní Èkó, kò fi pamọ́ pé ẹ̀yìn àwọn tó ń bèèrè òmìnira ni òun wà. Kì í ṣe gbogbo òyìnbó tó wọ aṣọ funfun nígbà náà ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Ní ọdún 1956 ni St. Finbarr's bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá tí wọ́n yá lò ní ọgbà St. Paul's ní Èbúté Mẹ́tà, kó tó kó lọ sí Àkókà. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún náà. Ní 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ní 1957 ó di ti Èkó. Ọmọ ń jáde ní ìwé kẹfà bí omi, ilé-ẹ̀kọ́ girama kò sì tó nǹkan. St. Gregory's ti wà ní Ọbáléńdé láti 1928, ṣùgbọ́n mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ kan lè gbà? Àlàfo yìí ni Slattery ń gbìyànjú láti dí.

Ó tún fẹ́ràn bọ́ọ̀lù dé góńgó, òun fúnra rẹ̀ a sì máa ṣe rẹfirí lórí pápá. Nínú ọgbà yìí ni Henry Nwosu ti jáde, ẹni tó wà nínú ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà fún Nàìjíríà ní 1980 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọdé. Ibẹ̀ ni Stephen Keshi náà ti jáde, olórí ikọ̀ wa ní 1994, tó sì padà wá gba ife kan náà ní 2013 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ni. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni mo ń sọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lẹ́nìkan lè fi ẹsẹ̀ àti ìwé wọlé.

Nígbà tí ìjọba wọlé, kì í ṣe ibi nìkan ló ṣe, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Láti 1979, Lateef Jakande, tó ti ṣe olóòtú Tribune rí, sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì fòpin sí kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìpín àárọ̀ àti ọ̀sán. Ó kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ibi tó ti ṣì í ni pé ó fẹ́ pa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ ní 1980. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Olubunmi Okogie gbé e lọ sílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì sọ pé ìwé òfin ilẹ̀ wa fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá ibi ìtànkálẹ̀ ìmọ̀ sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í san owó ilé-ìwé.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá nìyí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ kò sanwó. Ní èyí tí a dá padà, òbí ló ń gbé ẹrù náà, nítorí ìjọ ní láti san owó oṣù olùkọ́ kó sì tún òrùlé ṣe. Àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Bàrígà kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà St. Finbarr's. Ọmọ wọn ha lè wọlé lónìí bí? Àríyànjiyàn ìjọ àti ìjọba ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé ẹnìkẹta tí a torí rẹ̀ kọ́ ilé náà.

Ní Anambra, nígbà tí Gómìnà Peter Obi ń dá ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ, ó fi owó ìjọba tì í lẹ́yìn. Èyí ni àwa olùkọ́ ní láti bèèrè ní Èkó: kí ìjọba máa san owó ọmọ tálákà tó bá yege ìdánwò, níbikíbi tó bá ti kàwé. Ní ti àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ohun kan péré ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí wọ́n máa kéde lọ́dọọdún, ní gbangba, iye àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò.