"Ẹ Kú Ewu" Nìkan Kò Tó



Ìkíni kò wọ́n wa ní ilẹ̀ Yorùbá. A ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ń kí ẹni tó jókòó. Ẹni tí ewu ré kọjá lórí rẹ̀ ni à ń kí ní "ẹ kú ewu". Òun náà ni àwọn ará àti ọ̀rẹ́ fi kí ọkọ mi nígbà tí ìtọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì parí, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Àwọn àlejò kí wa tán, wọ́n lọ. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ewu náà kò tíì kúrò lọ́kàn ọkọ mi.

Nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú onítànṣán, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni mò ń sìn wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹkún wọn ní bálùwẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ má sunkún, ọkùnrin ni yín." Láti ọjọ́ náà, wọn kò sunkún létí mi mọ́, wọn kò sì bá mi sọ ohun tó wà nínú wọn mọ́.

Àṣìṣe ni mo ṣe. Àwọn àgbà tó ní kí ọkùnrin fara da ìṣòro náà ló sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àwọn náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Lẹ́yìn ìtọ́jú ni ọ̀rọ̀ wá le. Abẹ́rẹ́ tí ń dín họ́mónù ọkùnrin kù ń mú ooru àti àárẹ̀ wá, ó sì ń pa ìfẹ́ ibùsùn. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá ti ń súnmọ́, oorun a dá lójú wọn.

Èrò tèmi ni pé kí ìyàwó béèrè, kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn. Mo padà lọ bá wọn: "Olówó orí mi, ẹ má bínú. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?" Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mi ò rí wọn bí ọkọ mọ́. N kò sọ pé "kò sí nǹkan kan". Mo di ọwọ́ wọn mú. A jọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún dókítà. A sì jọ ń lọ gba èsì àyẹ̀wò títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká máa kíni, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kíni tí kò dúró gbọ́ èsì, ààbọ̀ ìkíni ló kí.

Ire o.