Ta Ni Yóò Máa Wo Ẹsẹ̀ Wọn? Èrò Wa lórí Ijó Ballet Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Kọ́ Nínú Fídíò

Àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ti mú kí a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ògiri, òrùlé àti ilẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó fara kan ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, tí a kò gbọdọ̀ dákẹ́ lé lórí títí wọn yóò fi lẹ táìsì mọ́ ọn. Àwọn ọmọ kan wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti Ìkòròdú, Ìmọ̀tà, Agbówà àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ijó ballet. Olùkọ́ kankan kò kọ́ wọn. Inú fídíò orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti ń kọ́ ọ: bí ẹ̀kọ́ ọ̀sán bá parí, wọn a gbé fóònù kan ti ògiri, wọn a bọ́ bàtà, wọn a sì máa ṣe ohun tí wọ́n bá rí. Àwọn òbí kan ti ní kí àwọn aláṣẹ gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jó. Àwa kò sí lẹ́yìn ìhà méjèèjì. Ìhà kìn-ín-ní yóò pa ẹ̀bùn náà. Ìhà kejì lè ṣe ọmọ léṣe.

Fún àǹfààní ẹ̀yin òbí tí ẹ kò mọ ijó náà, ààfin àwọn ọba ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti dàgbà. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníjó, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga ijó sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1661. Èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń pe àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ títí di òní, ìbáà ṣe ní Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń jó o tàbí ní Kúbà. Ipò ẹsẹ̀ márùn-ún ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ dún létí wa bí ẹni ń sọ pé nǹkan balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí oníjó rẹ̀ ń sá fún gan-an ni kí ó balẹ̀. Gbogbo làálàá rẹ̀ ni kí ó lè dà bí ẹni tí afẹ́fẹ́ gbé dání. Ijó tiwa a máa tẹ̀ sí ilẹ̀. Èyí a máa nà sókè.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí wà ní ìpínlẹ̀ Èkó wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n ní ìkángun kejì rẹ̀, ní Ajángbádì, ní agbègbè Ọ̀jọ́. Ní ọdún 2017, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Daniel Owóṣeéní Àjàlá dá ilé-ẹ̀kọ́ ijó kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó pè é ní Leap of Dance Academy. Fíìmù Amẹ́ríkà kan, Save the Last Dance, ni ó mú ijó náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn, fídíò YouTube ni ó sì fi kọ́ ara rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò náà. Ní ọdún 2020, fídíò ọ̀kan nínú wọn jáde: Anthony Mmesoma Madu, ọmọ ọdún 11, tí ó ń jó láìwọ bàtà nínú òjò. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ni ó wò ó kárí ayé; Viola Davis, òṣèré Amẹ́ríkà nì, wà lára àwọn tí ó yìn ín. American Ballet Theatre ní New York fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ láti bá wọn kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Nígbà tí ó yá, ó rí àyè wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2024, ìtàn rẹ̀ di fíìmù tí wọ́n pè ní Madu. Ọmọ Nàìjíríà, Joel Kachi Benson, wà lára àwọn méjì tí ó darí rẹ̀.

Bí a bá ti sọ ìtàn yìí tán, ohun tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ni pé fídíò ni ó gbé ọmọ Ajángbádì dé Birmingham. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fídíò ni ó kọ́ Àjàlá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Àjàlá ni ó kọ́ Anthony: ènìyàn ẹlẹ́ran-ara tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá kan náà, tí ó lè rí i bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀. Ní ọdún àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà yẹn, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ballet káàkiri ayé ti ilẹ̀kùn wọn, ẹ̀rọ ni àwọn náà fi kọ́ni, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ tí olùkọ́ ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí olùkọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti fídíò YouTube dà bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìpè fóònù àti rédíò. Ẹ lè dá rédíò lóhùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò ní gbọ́.

Ní Ìkòròdú wa níbí, a ní àpẹẹrẹ tiwa. Àwọn ọmọ tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois fi fóònù àti ohun èlò inú ilé lásán ṣe àfarawé àwọn fíìmù ńláńlá, títí Netflix fi kó irinṣẹ́ ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn ní ọdún 2020. A ń fi wọ́n yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya fíìmù tí kò dára, wọn a tún un yà. Orúnkún kò ṣe é tún yà.

Ibi tí ewu wà ni a fẹ́ ṣàlàyé dáadáa, nítorí àwọn tí ó ń sọ pé ijó lásán ni kò tíì wò ó tímọ́tímọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí fídíò ballet máa ń fi han ọmọ ni yíyí ẹsẹ̀ síta: gìgísẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjú sí ọ̀tún, ti òsì kọjú sí òsì, ó kù díẹ̀ kí ẹsẹ̀ méjèèjì di ìlà gbọọrọ kan. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n oríkèé ìbàdí, níbi tí orí egungun itan ti wọ inú ihò rẹ̀, ni yíyí náà ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, bí a sì ti dá ìbàdí oníkálukú ni yóò sọ ibi tí ó lè yí dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dé ìlà gbọọrọ yẹn láéláé, títí kan àwọn tí ń fi ijó náà jẹun. Fídíò kì í fi inú ìbàdí hàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ọmọ rí, àtẹ́lẹsẹ̀ náà ni yóò sì yí. Yóò tẹ orúnkún díẹ̀, yóò to ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ìlà, ilẹ̀ yóò di ẹsẹ̀ náà mú, yóò wá na orúnkún ṣánṣán. Nígbà náà, itan kọjú síwájú, ojúgun kọjú síta, orúnkún tí ó wà láàárín wọn ni wọ́n ń lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Orúnkún a máa ká, a sì máa nà. A kò dá a fún irú lílọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè má dun ọmọ lọ́jọ́ náà, ìdí nìyí tí kò fi ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ yóò rí i lójú ẹsẹ̀: yóò wò ó bóyá orúnkún dojú kọ ibi tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dojú kọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò ní kí ọmọ dín yíyí náà kù. Ẹni inú fídíò yóò kàn máa rẹ́rìn-ín lọ ni.

Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni bàtà tí àwọn oníjó fi ń dúró lórí ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Iwájú bàtà náà le. Aṣọ, bébà àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń mọ ọ́n ní ìpele ìpele, orí àpótí kékeré yìí sì ni gbogbo ìwúwo ara yóò dúró lé. Àwọn olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í sáábà gbà kí ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12 wọ̀ ọ́, wọn kì í sì í wo ọjọ́ orí nìkan. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ijó náà fún ọdún mélòó kan, kí iṣan ọrùn-ẹsẹ̀ àti ti ikùn rẹ̀ ti lágbára, nítorí egungun ẹsẹ̀ ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Lórí ẹ̀rọ ayélujára, owó nìkan ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fi bàtà náà ránṣẹ́. Fídíò tí ń kọ́ni bí a ṣe ń fi í dúró sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó ti mọ ti àkọ́kọ́ kí ó tó fi ìka tẹ èyí.

Ẹ wá wo ilẹ̀ náà. Fífò pọ̀ nínú ballet. Ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún un ni pákó tí a tẹ́ lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó lè gba díẹ̀ nínú agbára tí oníjó fi sọ̀kalẹ̀. Símẹ́ńtì kì í gba nǹkan kan. Ojúgun ọmọ ni yóò gbà á. Táìsì tún burú jù ú lọ, nítorí ó le bíi tirẹ̀, ó sì ń yọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó rántí sol-fa tí wọ́n ń kọ sójú pátákó. Gbogbo wa ni a dà á kọ, gbogbo wa ni ó sì dá lójú pé a ń kọ ọ́ bí ó ti wà. Ọ̀gá akọrin ni yóò dá wa dúró, tí yóò nawọ́ sí ọmọ kan ní ìlà ẹ̀yìn tí kò mọ̀ pé ohùn òun ti yà kúrò lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ onílù ṣe ń kọ́ṣẹ́: ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá náà ń gbọ́ ìlù tirẹ̀. Ẹni tí ń wo fídíò ń wo ọ̀gá. Ọ̀gá kò wò ó.

A kò bu ẹnu àtẹ́ lu fídíò o. Ó ní sùúrù ju ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ. Ọmọ lè dá a dúró, ó lè dá a padà lógún ìgbà, kò ní jágbe mọ́ ọn. Ó ń kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní orúkọ àwọn ìgbésẹ̀, ó sì ń fi àwọn oníjó tí kò sí bí ìbá ṣe rí wọn hàn án. Kí wọ́n máa wò ó. Ojú kan ṣoṣo ni ó kù tí a ń wá kún un.

Àwọn kan yóò ní ijó yìí kò yẹ ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni. A bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí Dáfídì níwájú àpótí Olúwa, kí wọ́n sì rántí ẹni tí ó ń kẹ́gàn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Hubert Ògúndé pàápàá, inú ìjọ ni eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ìjọ Church of the Lord ní Èbúté Mẹ́ta ni ó ṣe The Garden of Eden and the Throne of God fún ní ọdún 1944. Bí aṣọ bá jẹ́ ìṣòro, a lè yan aṣọ tí ó bò wọ́n dáadáa. Ní ti àwọn tí ó ní ijó obìnrin ni, ọba ọkùnrin ni a ti sọ pé ó dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ti pinnu láti tún gbọ̀ngàn ṣe, táìsì ni ó sì wà nínú ètò náà fún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí apá kan ilẹ̀ náà, níwájú pèpéle, jẹ́ pákó tí a tẹ́ bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Pákó kò jìnnà sí wa: Agbówà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yàn fún ibùdó tuntun àwọn onípákó Oko Bàbá. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a máa san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ fún olùkọ́ ijó kan tí ó kọ́ṣẹ́ yanjú, kí ó máa wá ní ọjọ́ Sátidé, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò bá wá, kí àwọn ọmọ ya ara wọn ní fídíò láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Fóònù tí àwọn kan fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn ni yóò jẹ́ ojú olùkọ́ lára wọn nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston, tí àwọn ọmọ yín ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ballet lọ́hùn-ún, ẹ lè bá wa bá àwọn olùkọ́ wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fún wa ní wákàtí kan lóṣù lórí ẹ̀rọ ti ṣe ohun ńlá.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ra bàtà orí ọmọ-ìka fún ọmọ tí olùkọ́ kan kò tíì fi ojú ara rẹ̀ wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa fò lórí símẹ́ńtì. Ẹ máa bi wọ́n léèrè orúnkún àti ọrùn-ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n lọ́nà tí wọn kò fi ní rò pé bí àwọn bá jẹ́wọ́ ìrora, ẹ óò gba ijó náà lọ́wọ́ àwọn.

Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àtúnṣe gbọ̀ngàn yóò jókòó lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ àjọ̀dún. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé táìsì náà, kí wọ́n pe àwọn ọmọ wọ̀nyí wọlé, kí wọ́n ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n jó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, kí wọ́n sì tẹjú mọ́ orúnkún wọn.