Bagnaia borí ní ìgbà 11, Martín ló gba ife

Ní 2024, Valencia ló yẹ kí wọ́n ti fi eré alùpùpù MotoGP parí ọdún. Àgbàrá òjò pa èèyàn tó lé ní 200 lágbègbè náà, ni wọ́n bá gbé eré lọ sí Barcelona, ní 17 oṣù kọkànlá. Bagnaia ló ṣíwájú lọ́jọ́ náà, ìgbà kọkànlá rẹ̀ lọ́dún kan. Martín ṣe ipò kẹta, eré ńlá mẹ́ta péré ló borí lọ́dún náà, síbẹ̀ òun ló gba ife: máàkì 508 sí 498. Bagnaia ti ṣubú jù!

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ mọ orúkọ àwọn méjèèjì dáadáa. Ṣùgbọ́n ní Barcelona, wọ́n ti ọ̀nà pa, kò sí ewúrẹ́, kò sí kàmíọ̀n tó ń bọ̀ láti Lomé, dókítà sì wà nítòsí. Lórí Nationale 1 tiwa ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọmọ kíláàsì ti ń gbé ẹni méjì sẹ́yìn, láìdé akoto, tó ń bá zémìjàn du ipò kìíní. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ra alùpùpù fún ọmọ, ẹ ra akoto mọ́ ọn. Wọ́n ní ó ń mú orí gbóná. Ṣé ooru wá la ń bẹ̀rù ni?