Pọ́ìǹtì Kì í Ṣe Ohun Ìjà: Èrò Lórí Ìdíje Wimbledon Ọdún 2022

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ eré tẹníìsì rántí ní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í gba pọ́ìǹtì ní ìdíje Wimbledon.

Ìlànà tí a fi ń to àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ sí ipò kò ṣòro. Ẹni tí ó bá borí nínú ọ̀kan nínú ìdíje ńlá mẹ́rin tí ó ń wáyé ní Melbourne, Paris, London àti New York yóò gba 2000. Àwọn ìdíje tí ó tẹ̀ lé wọn ń fún olúborí ní 1000, 500 tàbí 250. Bí olùdíje bá ṣe rìn jìnnà tó ni èrè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52, pọ́ìǹtì náà yóò kúrò lórúkọ rẹ̀, àfi kí ó tún padà wá làágùn fún òmíràn.

Ní ọdún 2022, àwọn aláṣẹ Wimbledon kò gba àwọn ọmọ Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárúùsì láàyè nítorí ogun Yukréìnì. Ẹgbẹ́ ATP tí ó ń bójú tó eré àwọn ọkùnrin, àti WTA tí ó jẹ́ ti àwọn obìnrin, fi yíyọ pọ́ìǹtì fèsì. Novak Djokovic gba ife-ẹ̀yẹ, síbẹ̀ 2000 tí ó gbà ní ọdún 2021 bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já láti ipò kẹta sí ipò keje. Elena Rybakina borí nínú ìdíje ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ipò kẹtàlélógún tí ó wà tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì wà.

Àwíjàre ATP ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: bí ẹni tí ó wọlé bá ń kó pọ́ìǹtì, ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ yóò pàdánù láìṣẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ìǹtì ọdún 2021 bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lú. Ta ni a wá gbè? Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí Wimbledon wáyé, wọn kò tìtorí rẹ̀ gba pọ́ìǹtì ọdún 2019 lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní ọdún 2022.

Lérò tiwa, ẹ̀rí iṣẹ́ ni pọ́ìǹtì. Ó yẹ kí èyí yé àwa olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí aáwọ̀ bá wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ìgbìmọ̀ ìdánwò, máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ó yẹ kí a fi gbẹ̀san. Kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gba èrè rẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ sì wá ibòmíràn parí ìjà wọn.